Kí Wọ́n Tó Sọ Jíà Ọkọ̀ Yín Kalẹ̀, Ẹ Ní Kí Wọ́n Yẹ Wáyà Wò Ná

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti àjọ. Ọ̀rọ̀ jíà ọkọ̀ ni. Ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá, ẹ má sọ pé ti àwọn ọkùnrin nìyẹn. Nígbà tí jíà ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wa bá dákẹ́, owó ta ni wọ́n fi ń ra òmíràn? Ṣebí owó ọjà ni. Bí ó sì ṣe wọ́n tó lónìí, ẹni tó bá ra jíà kan láìròtẹ́lẹ̀, ó lè máà rí owó ra ọjà fún oṣù mélòó kan. Kó wá jẹ́ pé jíà tí wọ́n sọ kalẹ̀ yẹn ò ṣàìsàn rárá ńkọ́?

Láyé àtijọ́, píkọ́ọ̀pù àti bọ́ọ̀sì tí à ń kó ẹrù sí, jíà tí dẹ́rẹ́bà ń fi ọwọ́ yí ni wọ́n ní. Ó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ń fa ọ̀pá. Bí jíà yẹn bá ní àrùn, àrùn irin ni. Lónìí, Sienna, Camry, Corolla àti Highlander tòkunbọ̀ ló kún ojú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn, jíà ọtomátíìkì ni wọ́n ní, èyí tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń pè ní ọ́tò. Jíà ọ́tò kì í ṣe nǹkan tuntun láyé. Lọ́dún 1939 ni ilé-iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ti ń tà á nínú ọkọ̀ Oldsmobile. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, agbára ọ́ìlì nìkan ló ń yí i. Èyí tó wà nínú Sienna yín, iná ló ń pàṣẹ fún ọ́ìlì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọjà ṣàlàyé. Ìyálọ́jà jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀, ó rán ọmọdé kan sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì pé kó ṣí i, kí àwọn alábàárù lè gbé ẹrù wọlé. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní bréènbọ́ọ̀sì, òun ni ìyálọ́jà. Wáyà ni ọmọdé tó ń jíṣẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni nǹkan kékeré kan tó wà nínú jíà, sólẹ́nọ́ìdì lorúkọ rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n wé bí òwú yí irin kékeré kan ká. Bí iná bá dé ibẹ̀, irin náà á fà, ojú ihò á ṣí tàbí kó dí, ọ́ìlì á gba ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbà. Ọ́ìlì yìí ló ń ti àwọn kílọ́ọ̀ṣì tó wà nínú jíà, àwọn ni alábàárù. Tí ọmọdé tí a rán níṣẹ́ bá ṣubú lọ́nà, géètì ò ní ṣí, àwọn alábàárù á sì jókòó kalẹ̀. Ṣé ẹ ó wá sọ pé alábàárù ti kú, kí ẹ lọ fi owó ńlá gba òmíràn? Ohun tí àwọn kan ń ṣe sí jíà nìyẹn.

Ìyálọ́jà náà kì í dédé pàṣẹ o. Àwọn kan ń ròyìn fún un. Sẹ́ńsọ̀ kan ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, òmíràn ń sọ bí dẹ́rẹ́bà ṣe tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó, òmíràn ń sọ ibi tí ọ̀pá jíà wà, bóyá P ni, bóyá R tàbí D. Bí ọ̀kan nínú wọn bá purọ́, àṣẹ tí ìyálọ́jà máa pa á dàrú.

Báwo ni ẹ ṣe máa fura pé ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ti iná? Ẹ kọ́kọ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, iná kékeré tí wọ́n kọ O/D OFF sí á máa ṣẹ́jú láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Nínú Honda, D tàbí D4 ló máa ń ṣẹ́jú. Nínú àwọn mìíràn, iná Check Engine á tàn. Èkejì, ọkọ̀ á wúwo láti gbéra, bí ẹni tó ru àpò gaàrí méjì gun òkè Olósùnta. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ eré, á máa lọ geere, jíà ẹ̀yìn náà á sì lágbára. Ẹ̀kẹta, àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀: òjò rọ̀, ó dé, oòrùn ràn, ó lọ. Tàbí kó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì ló bẹ̀rẹ̀. Jíà tí irin inú rẹ̀ ti jẹ tán kì í ṣàdédé sàn nítorí pé òjò dá.

Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti ìhà Emùré lọ sí Àkúrẹ́ ló jẹ́ kí n wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Sienna rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, O/D OFF ń ṣẹ́jú. Mẹkáníìkì gun ọkọ̀ náà dé ìkóríta, ó padà, ó ní jíà ti lọ, kí ó mú owó wá kí àwọn lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì o! Ìyá wa yìí ti gba àjọ, ó ti di owó sápò. Àbúrò rẹ̀ ló ní kí réwáyà kan kọ́kọ́ fojú kàn án. Nígbà tí ọmọkùnrin yẹn yọ sókẹ́ẹ̀tì wáyà tó wọ inú jíà, omi wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti dà bí bàbà tó dípẹtà, ó ti tutù bí ewé. Ó tẹ̀ lé wáyà náà lọ sókè, ó rí ibi tí eku ti gé ọ̀kan. Ẹ ṣáà mọ bí eku ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó nù ún, ó jó wáyà náà pọ̀, ó bò ó, ọkọ̀ ń lọ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Owó iṣẹ́ tí ó gbà, owó ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó kan ni.

Mi ò sọ pé gbogbo mẹkáníìkì ni olè. Ọ̀pọ̀ wọn ni iṣẹ́ irin ni wọ́n kọ́, iṣẹ́ iná ò yé wọn, ojú ò sì ní jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni mẹkáníìkì, ọ̀tọ̀ ni réwáyà. Ẹni tí ehín ń dùn kì í lọ bá ẹni tó ń to eegun.

Èmi náà mú bébà àti bírò, mo lọ jókòó ti réwáyà náà lẹ́ẹ̀mejì kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń wá a. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bèèrè, kì í ṣe pé kí ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra yín.

Ó ní bátìrì ni àwọn ń kọ́kọ́ wò. Níbi tí iná ò bá tó, kọ̀ǹpútà á máa ṣe ségesège. Bí ẹ́ńjìnnì bá sinmi, mítà gbọ́dọ̀ ka nǹkan bíi fóòtì 12.6 lórí bátìrì tó yó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Tó bá kéré sí èyí, alternator ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, orí bátìrì tó ti hó funfun, fíúùsì, àti wáyà tí wọ́n ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ara ọkọ̀ àti mọ́ jíà. Ojú ọ̀nà tiwa yìí, ihò tó ti fi ọdún púpọ̀ jẹ wá níyà, ó máa ń tú bóòtù.

Lẹ́yìn náà ni skáànì. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ihò ẹlẹ́nu 16 kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú dẹ́rẹ́bà. Wọ́n á ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á fa àmì jáde. Ẹ ní kí wọ́n kọ àmì náà sínú bébà fún yín, lẹ́tà àti nọ́ḿbà rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. P0705 ń sọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ibi tí ọ̀pá jíà wà. P0500 ń sọ ti sẹ́ńsọ̀ eré. P0753 àti P0758 ń sọ pé iná sólẹ́nọ́ìdì kìíní tàbí ìkejì kò pé, wáyà lè gé, sólẹ́nọ́ìdì fúnra rẹ̀ lè jó. Ṣùgbọ́n P0750 àti P0755 yàtọ̀ díẹ̀. Nínú Toyota, wọ́n sábà máa ń túmọ̀ sí pé iná dé, àmọ́ jíà kò dáhùn bó ṣe yẹ: ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tó dí ihò ọ́ìlì, tàbí sólẹ́nọ́ìdì tó há. Nọ́ḿbà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ yẹn o, owó tó sì wà láàárín wọn kì í ṣe kékeré. Ẹ tún rántí pé àmì skáànì kì í ṣe ìdájọ́. Ó ń sọ àdúgbò tí olè gbà lọ, kò sọ pé ẹni báyìí ló jalè. Ẹni tó bá ka P0753 tó sì ní kí ẹ ra jíà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ rọra dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Àyẹ̀wò kan wà tí kì í gba owó púpọ̀, òun ni mo fẹ́ kí ẹ há sórí ju ìyókù lọ. Jíà mẹ́rin ni Sienna tó jáde láti 1998 dé 2003 ní láti fi lọ síwájú. Sólẹ́nọ́ìdì méjì ló ń pín in. Tí iná bá wà lára ti kìíní nìkan, jíà kìíní ni. Tó bá wà lára méjèèjì, jíà ìkejì ni. Tó bá wà lára ti ìkejì nìkan, jíà ìkẹta. Tí iná kò bá sí lára ọ̀kankan, jíà ìkẹrin ni. Ẹ rí i báyìí ìdí tí ọkọ̀ tí wáyà rẹ̀ gé fi ń wúwo: jíà ìkẹrin, jíà eré, ló fi ń gbéra! Epo tó ń jẹ nìyẹn pẹ̀lú, bí epo ṣe wọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 2023.

Réwáyà á wá mọ̀ọ́mọ̀ yọ sókẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò lára jíà, kí iná má dé ọ̀dọ̀ sólẹ́nọ́ìdì kankan mọ́. Á wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ níbi tó tẹ́jú tí kò sí èrò. Láti L ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó lọ sí 2, kó lọ sí D, kó má fa ọ̀pá padà sísàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí eré. Nínú Sienna tí mo ń sọ yìí, L á fún un ní jíà kìíní, 2 á fún un ní ìkẹta, D á fún un ní ìkẹrin, R á lọ sẹ́yìn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti mọ̀ pé iná lè kú lójú ọ̀nà, wọ́n ti jẹ́ kí ọ̀pá fúnra rẹ̀ lè darí ọ́ìlì kí ènìyàn lè rọra dé ilé. Bí L bá fà gidi, tí 2 yàtọ̀ sí i, tí D sì yàtọ̀ sí 2, jíà yín wà láàyè. Àìsàn náà wà nínú iná. Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì kàn ń ké tí táyà ò yí, tàbí tí kò sí ìyàtọ̀ láàárín L, 2 àti D, ọ̀rọ̀ ti kọjá wáyà nìyẹn. Ti ọkọ̀ mìíràn lè máà rí báyìí gẹ́lẹ́, réwáyà tó mọṣẹ́ á mọ ti ọkọ̀ yín. Tó bá ṣe tán, kó dá sókẹ́ẹ̀tì padà, kó sì pa àmì tuntun tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ rẹ́, kí ẹlòmíràn má baà fi gba owó lọ́wọ́ yín lọ́la.

Bó bá ti dájú pé iná ni, mítà ló kù. Wọ́n á fi í wọn sólẹ́nọ́ìdì láti ojú sókẹ́ẹ̀tì tó wà lára jíà. Ti Sienna yẹn, sólẹ́nọ́ìdì méjì tó ń pín jíà gbọ́dọ̀ ka ọ́ọ̀mù 11 sí 15. Tí mítà ò bá kà rárá, wáyà inú rẹ̀ ti gé. Tó bá ka òdo, ó ti jó pọ̀. Tí nọ́ḿbà bá pé, wọ́n á fún un ní iná bátìrì díẹ̀, ó yẹ kó dún kọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé nínú jíà, a jẹ́ pé ìta ni àrùn wà, láti sókẹ́ẹ̀tì títí dé ọ̀dọ̀ bréènbọ́ọ̀sì, kí wọ́n tẹ̀ lé wáyà náà níwọ̀n ìka níwọ̀n ìka. Ibi tí wọ́n bá ti rí i pé ó gé, kí wọ́n fi léèdì jó o pọ̀, kí wọ́n sì fi rọ́bà bò ó. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá lọ́ ọ pọ̀ tó fi nylon dè é, òjò kan ṣoṣo ló máa tú u. Bréènbọ́ọ̀sì ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n máa fẹ̀sùn kàn. Tí ẹ bá rí ẹni tó fi í ṣe àkọ́kọ́, owó yín ló ń wò.

Bó bá wá jẹ́ sólẹ́nọ́ìdì ló kú ńkọ́? Kò dé ibi à ń ra jíà. Nínú Sienna yẹn, pọ́ọ̀nù ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ jíà ni wọ́n máa tú, sólẹ́nọ́ìdì wà lókè rẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n á fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, wọ́n á da ọ́ìlì tuntun sí i. Ọ́ìlì tó bá ọkọ̀ yẹn mu ni kí wọ́n rà, kì í ṣe èyí tó bá wà lórí àtẹ.

Méjì tí kò le, àmọ́ tó ń dẹ́rù ba ènìyàn: ọ̀pá jíà há sí P, kò jáde. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹ tẹ bíréèkì. Tí iná ẹ̀yìn ò bá tàn, fíúùsì iná bíréèkì tàbí súìṣì tó wà lókè pẹ́dà bíréèkì ló ti kú, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹ ti tẹ bíréèkì ni kò ṣe tú ọ̀pá sílẹ̀. Súìṣì kékeré ni. Èkejì, ọkọ̀ kọ̀ láti sítáàtì ní P, ṣùgbọ́n ó sítáàtì ní N. Sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ibi tí ọ̀pá wà ló ti kúrò láyè tàbí tó dọ̀tí.

Mi ò ní tàn yín, jíà máa ń kú lóòótọ́. Ọ́ìlì rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ fa gééjì rẹ̀ yọ, ẹ nù ún sí aṣọ funfun. Bó bá pupa rẹ́súrẹ́sú, ó dáa. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tí èérún irin tàbí ìyẹ̀fun dúdú wà nínú rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì inú ti jẹ. Bó bá dà bí omi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́, ó sábà máa ń jẹ́ láti rádíétọ̀. Nínú Toyota, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná kó sì máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó ka gééjì náà. Ti Honda, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan kò tilẹ̀ ní gééjì rárá. Ọ́ìlì tó kéré náà máa ń ṣe bí àrùn ńlá, nítorí náà kí wọ́n wò ó ṣáájú gbogbo nǹkan.

Tó bá dákẹ́ sójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọ lọ sí Ìkẹ́rẹ́ tàbí Àkúrẹ́ tí táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí bá wà nílẹ̀. Ti Sienna yìí, táyà iwájú ni. Jíà ọ́tò ń gba ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni; bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ gbẹ yẹn, jíà tó wà láàyè á kú lọ́nà. Kí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sórí ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Títì í kó lè sítáàtì náà, ẹ má ṣe wàhálà, ọ́tò ò mọ ìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì. Iná Check Engine gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dìde. Bí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà rí òótọ́. Àwọn kan á yọ orí bátìrì fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó dé, àmì á parẹ́, á sì padà wá lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á díẹ̀. Nítorí náà, ẹ wà á jìnnà kí ẹ tó kówó sílẹ̀, kí ó gun òkè, kí ó sì dúró sí ibi tí ọkọ̀ pọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì pààrọ̀ nǹkan nínú ọkọ̀ yín, sólẹ́nọ́ìdì ni o, sẹ́ńsọ̀ ni o, ẹ gba ògbólógbòó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ gba rìsíìtì mọ́ ọn. Réwáyà tí mo jókòó tì sọ fún mi pé ẹni tó bá ti béèrè ògbólógbòó lẹ́ẹ̀kan, àwọn kì í fi ọ̀rọ̀ jíà ṣeré lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́.